Fèrè Fàdákà Tí Mo Fi Ṣẹ Fúnmi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà mí, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, àti pé ìrònú náà kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rí. Láti kékeré ni ẹ̀rù ti máa ń bà mí, mo sì máa ń ṣàlàyé ara mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó mi ní bí mo bá fẹ́ bu omi mu, àfi kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí òùngbẹ fi ń gbẹ mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara dà á. Nǹkan bí ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ fèrè. Mẹ́wàá àkọ́kọ́, ojú ọ̀nà ni mo wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin, tí a ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ìyókù, inú kíláàsì kan ní Fẹ́sítàkì ni mo ti lò ó.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn ní sísọ. Iléṣà ni mo ti wá sí Ìbàdàn láti wá iṣẹ́ akọ̀wé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì láti inú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì kan, n kò sì lọ síbi tí mo ń lọ mọ́. Ọ̀gá Láńre ló ń fun ún, olórí àwọn afunfèrè nínú ẹgbẹ́ olórin hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ó gbà mí. Owó tí wọ́n ń fún wa kò tó ohun tí mo lè máa ròyìn.

Ohun tó tó ròyìn ni bó ṣe kọ́ wa. Oṣù mẹ́jọ gbáko, Ọ̀gá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fèrè àfi bí mo bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Ẹnu fèrè nìkan ló kó lé mi lọ́wọ́, irin kékeré tó dà bí ife tó ní ìrù, tí a máa ń tì bọ orí fèrè kí a tó fun ún. Òun ni mò ń fun láràárọ̀ lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, nítorí ìyá onílé ti ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn ewúrẹ́ tí ebi ń pa nínú ilé òun. Bí mo bá ṣe tán, mo máa gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ kalẹ̀, mo máa fọ fèrè márùn-ún, mo máa nù wọ́n, mo máa kán òróró sí ìdí bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìka ń tẹ̀. Ọ̀gá á wá fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀. Bí aṣọ náà bá dọ̀tí, mo máa tún gbogbo rẹ̀ fọ̀.

Èmi àti Sùnmọ́nù, ọmọ Ṣakí, la jọ ń kọ́ṣẹ́. Sùnmọ́nù tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Oṣù márùn-ún ló lò nídìí ẹnu fèrè tí Ọ̀gá fi ní kó gbé odindi. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi pé, "Ìwọ ṣì máa bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ títí di ọdún Iléyá." Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gá bá ti yí ẹ̀yìn padà, á fi fèrè tirẹ̀ sí mi lọ́wọ́ pé kí n tètè gbìyànjú rẹ̀ wò. Mi ò gbàgbé ìyẹn.

Kí a tó gun orí ìtàgé, a máa ń tò síwájú Ọ̀gá. Òun á fun ohùn kan ṣoṣo, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa á dá ohùn náà padà fún un. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù tàbí tó wálẹ̀ jù, àní bí ìyàtọ̀ náà kò ju fọ́nrán irun lọ, á dúró síbẹ̀ títí á fi bá ti Ọ̀gá mu. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan nínú wa dẹ́nu lé e pé fèrè ọwọ́ òun ni kò dáa. Ọ̀gá kò bínú. Ó kàn sọ pé:

"Kò sí fèrè tó burú. Ẹnu tó burú nìkan ni mo mọ̀."

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí inú ìdérí àpótí mi. Mo rò pé òun ni ọgbọ́n tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni lè fún mi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn, nítorí òun ló kó mi sínú ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ.

Ní ọdún kejì, Ọ̀gá ra fèrè àlòkù kan fún Sùnmọ́nù lọ́wọ́ sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà fún un. Lójoojúmọ́ ni ohùn rẹ̀ ga ju tiwa lọ. Ó fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó tú u sílẹ̀, ó sunkún, kò bọ́ sí i. Ọ̀gá fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí a ń lọ sí Benin láti lọ ṣeré, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní gáréèjì Ọrẹ pẹ̀lú owó ọkọ̀, ó ní kó padà sí Ṣakí lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Sùnmọ́nù gbé àpò rẹ̀, ó sì juwọ́ sí mi lójú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà: inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n apá kan ọkàn mi balẹ̀, nítorí àyè rẹ̀ ti di tèmi. Ojú ara mi ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

A rìn. Benin, Oníṣà, Kútọ̀nù, Kánò nínú ọkọ̀ ojú irin. A ń sùn lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, fèrè láàárín orúnkún wa bí ọmọ tí a kò fẹ́ kó já bọ́. Ní Kánò, ọyẹ́ bẹ́ mi lẹ́nu títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Ọ̀gá Láńre, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, ń fi ìka ara rẹ̀ fi òrí pa mí létè, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe máa ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè kórìíra rẹ̀ títí dòní, bó ti wù kí ẹ rò pé ó le tó.

Nígbà tó yá, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ra ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin. Ẹ̀rọ náà kì í jẹun, kì í gba yàrá, ẹgbẹ́ wa sì tú ká. Mo ta fèrè mi, mo fi owó rẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ nípa orin. Mo rò pé bí mo bá gbàwé-ẹ̀rí, ẹ̀rù ò ní bà mí mọ́.

Irọ́ ni. Lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀ ni ìjọba gbà mí sí ilé-ìwé girama kan ní Fẹ́sítàkì. Mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ìwé-ẹ̀rí nínú fáìlì. Èmi tí mo ti ṣeré níwájú àwọn gómìnà, ogójì ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ń já mi láyà. Lórí ìtàgé, bí o bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á jó kọjá rẹ̀. Nínú kíláàsì, ẹnì kan lè gbé àṣìṣe rẹ lọ sílé kó sì pa á mọ́ fún ogún ọdún. Mi ò rí ọ̀nà sọ ọ́ báyìí nígbà náà. Mo kàn mọ̀ pé mò ń làágùn.

Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba láti inú fúláàtì àyíká ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fẹsẹ̀ rìn láti Alákijà àti Kúje. Ìjọba fún wa ní fèrè tuntun márùn-ún. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó fi ẹyọ kan ta wá lọ́rẹ, tó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn láti ayé òyìnbó. Kọ́nẹ́ẹ̀tì ni, àbúrò tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, kúkúrú, fàdákà ni wọ́n fi kùn ún láti òkè délẹ̀, wọ́n sì fín òdòdó sára ibi tó fẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde. Mo dá fun ún nínú yàrá mi, ó dùn bí oyin. Mo ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù lọ ni màá fún.

Fúnmi ló mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, láti Kúje, bàbá rẹ̀ ń wa tírélà ẹrù lọ sí Trade Fair. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n èémí inú rẹ̀ pọ̀. Ó gba fèrè fàdákà náà bí ẹni gba ọmọ tuntun. Lóṣù kan ó ti ń fun orin tí àwọn yòókù kò lè gbìyànjú rẹ̀. Àfi pé bí gbogbo wa bá jọ fun orin pọ̀, tirẹ̀ máa ń ga jù.

Gbogbo fèrè ló ní irin kan tí a máa ń fà jáde díẹ̀ kí ohùn lè wálẹ̀. Mo fà tirẹ̀ títí ó fi fẹ́ yọ sí mi lọ́wọ́. Ó ṣì ga. Nígbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ inú ìdérí àpótí mi. Mo sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ni, ó ń fún un pọ̀ jù. Mo gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ẹnu fèrè nìkan ni kó máa fun ní odindi táàmù kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe fún mi. Ó ṣe é. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tí mo dá fèrè padà fún un, ètè rẹ̀ ti le bí awọ, ohùn náà sì ga síbẹ̀.

"Tíṣà, mò ń gbọ́ ọ pé ó yàtọ̀," ó wí. "Mi ò mọ ọ̀nà tí màá gbà mú un wálẹ̀ ni. Ó dà bíi pé fèrè yìí ni kò fẹ́."

Mo fi ohùn Ọ̀gá Láńre dá a lóhùn. Mo sọ pé kò sí fèrè tó burú. Lẹ́yìn náà mo fi tèmi lé e, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi: "Fúnmi, ìwọ ni o kò létí."

Gbogbo àwọn ọmọ gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé fèrè náà sórí tábìlì mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, mo ní kó máa gbé àsíá níwájú báǹdì.

Ọjọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé wá dé. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi, obìnrin tó ń fi ojú ìwò rẹ̀ nìkan dá ariwo kíláàsì dúró, ti pe àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ àti òbí gbogbo. Báǹdì ló máa fun orin orílẹ̀-èdè. Lórí pápá, láìsí Fúnmi, ohùn fèrè márùn-ún náà tẹ́ẹ́rẹ́, atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ìyáàfin rán ẹnì kan sí mi pé àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní fèrè tèmi mọ́, mo ti tà á. Mo sáré mú èyí tí wọ́n fi fàdákà kùn, mo dúró láàárín àwọn ọmọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fun ún pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Kí n tó dé ìlà kejì ni mo ti gbọ́ ọ. Ohùn kan wà lókè ti àwọn ọmọ, ó ń gé wọn bí ayùn. Mo rò pé ọmọ kan ló ń ṣì í. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé èmi ni. Mo fún ẹnu pọ̀, mo tú u, mo fa irin jáde dé òpin. Ọdún mẹ́wàá lójú ọ̀nà kò ràn mí lọ́wọ́. Lábẹ́ àtíbàbà, ìyá kan béèrè bóyá wọ́n ń tẹ ológbò mọ́lẹ̀ ni, ẹ̀rín sì gba gbogbo àtíbàbà náà. Àwọn àlejò ńlá ń wo bàtà wọn.

Mo gbójú sókè, mo rí Fúnmi pẹ̀lú àsíá. Bó bá jẹ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ẹni tó ṣubú síbi tí òun náà ti ṣubú rí. Ó ń káàánú mi. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ṣe fún mi, èmi tí mo sì fẹ́ràn àlàyé.

Lọ́jọ́ kejì Ìyáàfin ti yàrá fèrè pa. Ó ní bí táàmù bá parí, òun á dá gbogbo wọn padà fún ìjọba, kí n máa lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì. Olùkọ́ ìṣirò bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀gá olórin, ẹ ò ṣe kúkú mú ológbò yẹn wálé?" Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún lè ṣe?

Fèrè fàdákà nìkan kì í ṣe ti ìjọba, nítorí náà ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo gbé e lọ sí Muṣin, níbi tí Ọ̀gá Láńre ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, kò lè fun fèrè mọ́. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ Fúnmi àti ti orí pápá fún un. Ó gbé e lé orí itan, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi ìka pa àmì kékeré kan tí wọ́n lù sí ara rẹ̀. Ó ní ti báǹdì àwọn sójà ayé àtijọ́ ni. Nígbà náà, gbogbo fèrè wọn ni wọ́n ṣe kúrú díẹ̀, ohùn wọn sì ga ju ti òde òní lọ. Bó bá dá wà, tàbí tó bá wà láàárín irú tirẹ̀, ó dùn. Bí a bá pò ó mọ́ ti òde òní, kò sí ẹnu tó lè mú un wálẹ̀.

Mo béèrè ìgbà tó ti mọ ìyẹn. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbé omi wá, kó sì padà wọlé.

"Lẹ́yìn tí mo lé Sùnmọ́nù ni," ó wí. "Mo fun fèrè tí mo rà fún un yẹn fúnra mi, ó bá mi jà bó ṣe bá a jà."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wa.

"Kí n sọ pé mo ṣì í? Ta ló máa tún gbọ́ràn sí mi lẹ́nu?" Ó fi ìwé ìròyìn náà bo fèrè padà, ó ń tẹ́ igun rẹ̀. "Mo wá a dé Ṣakí. Wọ́n ní ó ti gba Gánà lọ, wọn ò mọ ìlú. Tìrẹ ńkọ́? Níbo ni ọmọ náà ń gbé?"

Mo ní Kúje ni.

"Kúje ò jìnnà," ni Ọ̀gá mi wí.

Ní gbogbo ọ̀nà láti Muṣin, mò ń ka ohun tí màá sọ nínú ọkọ̀, ètè mi ń mì, ẹni tó jókòó tì mí sì rò pé mò ń gbàdúrà. Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí. Àkọ́kọ́ ni pé bàbá ọmọ náà lè lé mi jáde. Ìkejì, tó le jù, ni pé bí mo bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, n kò ní jẹ́ olùkọ́ mọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà tó pa Ọ̀gá mi lẹ́nu mọ́ ń pa èmi náà lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Fúnmi wà lábẹ́ tírélà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Fúnmi ń fọ abọ́. Bí bàbá rẹ̀ ṣe jáde tó rí mi, ojú ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ó ní kí ló ṣe ní ilé-ìwé. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, èmi ni mo ṣe. Gbogbo ohun tí mo kà sórí nínú ọkọ̀ ti fò lọ. Mo kàn sọ ọ́ bó ṣe rí: pé fèrè ni kò dáa, wọ́n ṣe é kúrú jù, pé ọmọ náà sọ fún mi, tí mo sì sọ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò létí.

Bàbá rẹ̀ fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kò tíì rí olùkọ́ tó wá sọ irú èyí rí, kí n jókòó. Fúnmi kò gbójú sókè kúrò nínú abọ́.

"Mo sọ fún yín," ó wí.

"O sọ fún mi."

"Ẹ ní ẹnu mi ni."

"Mo ní ẹnu rẹ ni. Kì í ṣe ẹnu rẹ. Má bínú, Fúnmi."

Ó ṣan abọ́ kan, ó dà á dojú bolẹ̀. Mo ní bí ìjọba kò bá gba àwọn fèrè lọ, màá fún un ní ọ̀kan nínú àwọn tuntun. Ó ní ọwọ́ ta ni màá ti gbà á. Òótọ́ ni, ọmọ mìíràn ló máa sunkún. Ó wá béèrè bóyá èyí tí wọ́n fi fàdákà kùn ṣì wà. Mo tú ìwé ìròyìn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kó tó fọwọ́ kàn án.

Bàbá rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó béèrè pé bí fèrè bá kúrú jù, ṣé wọn kò lè fi kún un ni? Ó ní Bọ̀dá Múfú, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Alákijà, máa ń so páìpù tó kéré jù báyìí lọ.

A nílò fèrè tuntun kan tí a máa fi wé e. Mo lọ bá Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi, mo sì tún sọ gbogbo rẹ̀, ti orí pápá àti ti Fúnmi. Ó ní òun fún wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, kí fèrè náà padà sí àyè rẹ̀ kí òun tó lọ sílé.

Bọ̀dá Múfú ní òun ti so nǹkan fún dókítà àti fún pásítọ̀, ṣùgbọ́n fèrè kò tíì ṣàìsàn dé ọ̀dọ̀ òun rí. Ó yọ irin tí a ń fà jáde náà, ó gé páìpù pupa ara fíríìjì, ó fi iná so ó mọ́ ọn. A mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó gùn jù, kí a lè máa gé e díẹ̀díẹ̀. Èmi fun fèrè tuntun, Fúnmi fun tirẹ̀. Ó wálẹ̀ jù. Múfú yọ ọ́, ó fi fáìlì tí wọ́n fi ń họ irin rẹ́ ẹ, ó dá a padà. Ó ṣì wálẹ̀. Ó rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo ní ó ti pé.

Fúnmi ní kò tíì pé.

Mo ní kó tún un fun. A jọ fun ún. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Mo sì mọ̀ pé bí a bá rẹ́ ẹ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí páìpù míì ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ọ̀sán míì tí Ìyáàfin máa fún wa. Ó sọ pé ó ku díẹ̀, bí orí èékánná. Múfú dá fáìlì dúró.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì," ó béèrè, "ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ó ronú pé ìdáhùn náà rọrùn. Kò rọrùn. Ọdún mẹ́wàá lójú ọ̀nà, ìwé-ẹ̀rí, táì ọrùn mi, gbogbo wọn ló fẹ́ kí n sọ pé èmi ni.

Mo ní, "Gbọ́ ti Fúnmi."

Múfú rẹ́ ẹ bí orí èékánná. Fúnmi gbé e sẹ́nu, èmi náà gbé tèmi. Bí a ṣe fun ún, mi ò mọ èwo ni tèmi mọ́, mi ò mọ èwo ni tirẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló jáde. Bàbá rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bọ́ fìlà. Fúnmi kò rẹ́rìn-ín, ó kàn mí èémí jáde bí ẹni tó ti gbé ẹrù láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyáàfin jẹ́ kí a fun orin orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ ìparí táàmù, Fúnmi ló ṣáájú. Ìyáàfin fi kọ́kọ́rọ́ yàrá fèrè sínú àpò kóòtù mi bó ṣe ń kọjá. Mo lọ sọ fún Ọ̀gá Láńre ní Muṣin. Ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo pẹ́ ní ilé-ìwé náà lẹ́yìn ìyẹn títí irun mi fi funfun. Mo pa ọ̀rọ̀ inú ìdérí àpótí mi rẹ́. Láti ìgbà náà, bí ọmọ kan bá yapa sí àwọn yòókù, mo máa gba ohun èlò ọwọ́ rẹ̀, mo máa jókòó sí àyè rẹ̀ láàárín wọn, mo máa kọ́kọ́ fun ún fúnra mi kí n tó sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn ọmọ náà ló ṣì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé mo bọ́ sínú bàtà rẹ̀ kí n tó bá a wí, kì í sì í bínú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́, tàbí iṣẹ́ ọ̀gá èyíkéyìí, ìyẹn nìkan ni mo lè fún yín. Fúnmi kò di olórin. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní òun fẹ́ràn láti máa gbọ́ bí àyà àwọn ènìyàn ṣe ń lù.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó kọ́kọ́rọ́ lé olùkọ́ tuntun lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́. Ó rí fèrè fàdákà pẹ̀lú páìpù pupa lára rẹ̀, ó béèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó fun ún, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú rẹ̀, nítorí fóònù ti òde òní mọ bí a ṣe ń wọn ohùn. Abẹ́rẹ́ inú fóònù náà gùn sókè, ó mì díẹ̀, ó sì dúró gbọnin láàárín.

Ó béèrè irú ẹ̀rọ tí a fi wọ̀n ọ́n nígbà náà tí kò sí fóònù. Mo sọ fún un pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan láti Kúje ni, ẹni tí mo ti kọ́kọ́ sọ fún pé kò létí.